Ìkẹ́dùn lórí Màmá Bang Ok-hui, Ẹni tó Ní Kí A Panu Mọ́

Sí Arábìnrin Hye-rin Ma àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, tí ọpẹ́ kò jẹ́ kó borí wa, ni àwa Ìjọ Kòríà Gílíádì, ìpínlẹ̀ Jọ́jíà ní Amẹ́ríkà, fi kọ̀wé sí yín lórí ìyá yín tó sùn nínú Olúwa ní Ọjọ́bọ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni màmá fi ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà ìdájí. Kò sí obìnrin tó bímọ láàárín wa tí kò mu ọbẹ̀ ewé òkun tí wọ́n ń sè fún ìyá ọmọ tuntun.

Ẹ mọ bí a ṣe ń gbàdúrà: gbogbo wa pa pọ̀, ohùn sókè, ẹnìkan kì í gbọ́ ti ẹnìkejì. Nígbà tí ọlọ́pàá pa Terrell Gaines, aláwọ̀ dúdú kan ládùúgbò wa, tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń wọ́de kọjá lójúde wa, àwọn alàgbà ní kí a máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú, kí a má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin, Arábìnrin Hye-rin, bínú kúrò nínú ìjọ. A rí ẹnu màmá tó ń mì pẹ̀lú tiwa, a rò pé wọ́n fara mọ́ wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà nínú àṣìṣe yẹn.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, màmá dìde, wọ́n ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́ díẹ̀. Terrell tó máa ń bá mi gbé àpò ìrẹsì sínú ọkọ̀ ni mo ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ yìí. Ó lórúkọ."

Alàgbà Pyo ní, "Bí àwọn tó ń wọ́de bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù wa ńkọ́?"

"Gíláàsì yín ṣeé pààrọ̀, Alàgbà. Ẹ bá mi wá Terrell mìíràn."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Alàgbà Pyo fúnra wọn gbé omi jáde fún àwọn tó ń wọ́de. Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ariwo wa, a máa ń dákẹ́ kí ẹnìkan gbàdúrà ketekete.

A gbọ́ pé ẹ kò fẹ́ kí ìsìn ìkẹyìn wáyé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀tọ́ yín ni. A ṣẹ̀ yín, a ò sì tíì bẹ̀ yín rí. A ń bẹ̀ yín báyìí. Ibi yòówù kí ẹ yàn, àwa la ó se oúnjẹ, àwa la ó sì gbé pósí. Ìyá Terrell ti ní àárín ẹbí làwọn máa jókòó sí.

Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà nínú báàgì màmá. A kò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin ni ẹ ó sọ̀rọ̀, àwa yóò dákẹ́.

Kí Ọlọ́run tó ń gbọ́ ohùn màmá láàárín ariwo wa tù yín nínú. Àmín.

Nathan Cheon,
Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ìjọ