Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí Létí Òkun

Ilé Akínsànyà,
Ìkọ̀yà, lẹ́bàá Òkìtìpupa,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ, 1965.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Olúfúnmiláyọ̀,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́, kú àárẹ̀, kú ìfaradà ariwo Èkó. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ikọ́ ọjọ́sí yẹn ti lọ? Bí o bá béèrè èmi ìyá rẹ, mo wà láàyè, ara mi sì le, àfi orúnkún òsì tó máa ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, àti ọ̀rọ̀ kan tó wà láyà mi. Ọ̀rọ̀ náà ló mú kí n jókòó kọ ìwé yìí fúnra mi láìbẹ tíṣà. Má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín, o mọ̀ pé èṣí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní A, B, D ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, lẹ́tà G ṣì ń yọ mí lẹ́nu, ó máa ń ṣubú sẹ́yìn.

Ewúrẹ́ dúdú ti bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Pánù ẹ̀yìnkùlé tí atẹ́gùn ṣí, wọ́n ti kàn án padà. Owó tí o fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ pósítà ọ́dà, mo ti gbà á ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n mo bá akọ̀wé ibẹ̀ fa ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí owó tó kó fún mi ti gbó, ọ̀kan tilẹ̀ ya létí, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi kò lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Mo ní kó padà lọ wò ó dáadáa, kó mú èyí tí ìwọ gan-an fi síbẹ̀ wá. Ó wò mí títí, ó ní Màmá, kì í ṣe owó yẹn fúnra rẹ̀ ló rìnrìn àjò láti Èkó. Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn, kò tíì yé mi, ṣùgbọ́n mo gbà á, mo sì dúpẹ́.

Fúnmiláyọ̀, ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì etí òkun tí o mú mi lọ nínú oṣù kejì ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mi ò gbàgbé pé nítorí bàbá rẹ lo ṣe ṣe é. Ọmọ etí omi ni, ẹja ló gbé wá tà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó fi rí mi, ogún ọdún ló sì fi ń sọ pé òun á mú mi lọ wo òkun ńlá tí kò ní òdìkejì, kó tó di pé ikú mú un lọ pẹ̀lú ìlérí náà. Ìwọ wá fi owó iṣẹ́ títẹ̀wé pamọ́ díẹ̀díẹ̀, o mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé gogoro yẹn lárọ̀ọ́ ọjọ́ Ẹtì, o ní Màmá, ẹ sinmi fún ọjọ́ méjì, gbogbo ẹ̀ ni mo ti san, mo ń bọ̀ wá mú yín lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ “gbogbo” yẹn ni mo dì mú, mo dì í mú bí ẹni di igbà mú lórí ọ̀pẹ.

Mo ti sọ fún ọ bí mo ṣe ṣe wèrè níbẹ̀, a sì ti jọ rẹ́rìn-ín rẹ̀. Páálí kékeré “má yọ mí lẹ́nu” tí wọ́n fi okùn so mọ́ ilẹ̀kùn, tí mo rò pé ẹni tó sùn síbẹ̀ ṣáájú mi ló gbàgbé rẹ̀, tí mo ń tú u lọ fún wọn nísàlẹ̀, tí wọ́n ń dúpẹ́, tí wọ́n tún ń gbé e wá so. Tẹlifóònù tó dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí mo ní “ẹ wọlé,” tí kò sẹ́ni tó wọlé, tó dún títí tó fi sú u. Àwọn yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí mi ò sọ fún ọ ni mò ń bọ̀ wá sọ yìí.

O rántí ọkùnrin tí wọ́n ní kó máa tọ́jú mi, Lazarus, ẹni tí ewú ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, tó wọ aṣọ funfun tó gún régé. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi báyìí, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ẹnu Ìkálẹ̀ kí mi, ọmọ Àyèká ni! Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá gbé wá fún mi, ìwé pélébé kan máa ń wà lórí àwo pẹ̀lú gègé, wọ́n á ní kí n fọwọ́ sí i. Mo rò pé ìwé ìrántí àlejò ni, bí èyí tí à ń kọ orúkọ sí lọ́jọ́ ìkórè. Inú mi dùn, ọmọ mi. Arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ara rẹ̀ í kọ, òun ni wọ́n ń gbé gègé wá bá nígbà gbogbo yìí! Mo ń kọ Leah Akínsànyà gàdàgbà, ibi tí àyè bá kù, mo ń fi “Jésù ń bọ̀” dí i. Ìgbà mìíràn òùngbẹ kò gbẹ mí rárá, mo ń ní kí wọ́n gbé tíì wá nítorí gègé yẹn ni.

Lárọ̀ọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Lazarus mú mi lọ sórí yanrìn. Ó tẹ́ àga aláṣọ fún mi, ó ṣí agboòrùn ńlá lé mi lórí, ó fi aṣọ ìnura méjì bo ẹsẹ̀ mi. Mo rí òkun. Bàbá rẹ kò purọ́, kò ní òdìkejì lóòótọ́. Mo sunkún díẹ̀, Lazarus yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa máa wò mí. Nígbà tí mo dákẹ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, àwọn ìwé tí ẹ ń fọwọ́ sí yìí, owó ni wọ́n. Ó ní yàrá àti oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni ọmọ yín san, àga yìí ní owó tirẹ̀, agboòrùn ní tirẹ̀, aṣọ ìnura ní tirẹ̀, ìró yín tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n lọ̀ ní tirẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ jókòó sídìí igi tó wà lọ́hùn-ún, òkun kan náà ni mà á rí, kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Dora ọ̀rẹ́ mi, tó ń ta gàrí ní Ẹbúté Mẹ́ta, ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn kí èèyàn máa fi nǹkan sí wọn lọ́wọ́, pé bí o kò bá fún wọn, wọ́n á máa wá ọ̀rọ̀ sọ. Ni mo bá bi Lazarus pé ṣé torí pé mi ò tíì fún un ní nǹkan ló ṣe ń dẹ́rù bà mí. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní rárá o, Màmá, bí ìyá tó bí mi ni mo ṣe rí yín. Ó tún àga náà ṣe, ó lọ.

Níbí ni kí o ti fara balẹ̀ ka ìwé yìí, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Kì í ṣe pé ó yé mi tán, ṣùgbọ́n ó yé mi tó. Ṣùgbọ́n mo ti ránṣẹ́ sí Dora pé kó kó àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá bá mi jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ti wà lọ́nà, kí ni mà á wá sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà? Èmi tí mo ti ń sọ pé ọmọ mi san gbogbo ẹ̀! Àwọn mẹ́jọ ló dé. Mo ní kí wọ́n jẹ ẹja, kí wọ́n jẹ adìyẹ, kí wọ́n mu ọsàn inú ife, kí olúkúlùkù jókòó sórí àga aláṣọ. Lazarus ń gbé àwo, ó ń wò mí. Gbogbo ìgbà tó bá gbé ìwé wá, èmi kò wo ojú rẹ̀, mo kàn ń fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àìkú, ìwọ náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé owó náà gùn bí ìwé ìlà ìdílé, owó rẹ̀ ju èyí tí o san fún yàrá lọ. Mo ṣì rójú ṣe àwàdà nígbà tí wọ́n dé ibi ìdá mẹ́wàá owó ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní sáfíìsì, mo ní ta ló ṣe sáfíìsì fún mi, èmi fúnra mi ni mo ṣe ìsìn àárọ̀ àti alẹ́ nínú yàrá láìsí wòlíì, àti pé bí ó bá jẹ́ ìdámẹ́wàá ni wọ́n ń gbà, ṣọ́ọ̀ṣì mi ni mò ń san án fún. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. Mo rí ọ bí o ṣe ń tú aago ọwọ́ rẹ láti fi san lára owó náà.

Máníjà wá bi mí pé ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé owó ni àwọn ìwé náà. Mo ní kò sí. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Ìwọ yíjú sí Lazarus, o ní ẹ rí arúgbó tí kò mọ nǹkan kan, ẹ sì ń rẹ́ ẹ jẹ, olè ni yín. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́. Mo rò pé yóò ní irọ́ ni mo ń pa. Ó wò mí fìrí, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní ẹ má bínú, ó lè jẹ́ pé mi ò sọ ọ́ kó yé Màmá. Máníjà ní kí wọ́n yọ ìdajì owó náà nínú owó oṣù rẹ̀, kó sì bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe ń wọ ọkọ̀, mo rí i tó ń jáde lẹ́nu géètì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ru ẹrù kékeré kan. O ní Màmá, ẹ má wo ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi náà kò wò ó.

Mo dé ilé, gbogbo Ìkọ̀yà ní kí n wá sọ bí òkun ṣe rí. Mo ń sọ ọ́, kò dùn lẹ́nu mi.

Nínú oṣù kẹfà ni mo lọ sí Àyèká, mo ń wá igi ẹ̀gẹ́ tí mà á gbìn. Wọ́n júwe ilé obìnrin kan fún mi, Eunice, tó ń pa èkùrọ́ lójúde. Ó fún mi ní àga, ó bu omi fún mi, a ń sọ̀rọ̀. Ó ní Èkó ni ọkọ òun wà tẹ́lẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun, ṣùgbọ́n wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù. Mo béèrè orúkọ ọkọ náà, ó ní Lazarus. Fúnmiláyọ̀, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀! Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé arúgbó kan láti Ìkọ̀yà, ìrìn wákàtí mélòó kan sí ilé rẹ̀, ló pa irọ́ mọ́ òun.

Mo gbé ife kalẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Eunice. Kò pariwo. Ó pa èkùrọ́ bíi mẹ́fà sí i kó tó sọ̀rọ̀, ó ní láti oṣù kẹta ni Morìnsọ́lá, ọmọ wa, ti kúrò ní ilé ìwé gírámà. Ó ní bàbá rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo, kí n lọ bá a níbẹ̀. Mo bá a tó ń gún ẹyìn, àtẹ́lẹwọ́ tó ń gbé àwo tẹ́lẹ̀ ti wú, ó sì ti bó. Bó ṣe rí mi, ó tún dọ̀bálẹ̀! Mo ní kó dìde, èmi gan-an ni mo kúnlẹ̀ sínú pàǹtí ẹyìn, orúnkún òsì náà kò tilẹ̀ dùn mí. Ó ní Màmá, mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ohun tó dun òun kò ju pé ìwé tí wọ́n fún òun nígbà tí òun ń lọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kì í ṣe ẹni à ń fọkàn tán, kò sì sí òtẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ gba òun mọ́.

Mo kọ̀wé sí máníjà náà, tíṣà sì yí i sí gẹ̀ẹ́sì. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Èsì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé mo gbádùn ìtọ́jú àwọn, pé kí n tún padà wá, wọ́n sì fi ìwé iye owó tuntun sínú rẹ̀, owó àga aláṣọ ti fi kọ́bọ̀ mẹ́fà lé sí i. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì, bóyá orúkọ Lazarus fara pamọ́ síbì kan nínú gẹ̀ẹ́sì náà. Kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, lọ síbẹ̀ fúnra rẹ. Ìwọ mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Sọ fún máníjà pé ìyá rẹ ló purọ́, kí wọ́n kọ ìwé mìíràn fún ọkùnrin náà. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti sọ pé ìyá rẹ purọ́, rántí pé ojú kò tì ọ́ láti pè é ní olè. Mi ò fi bú ọ, irọ́ mi lo gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà, mo ń tọrọ owó, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún pánù tàbí fún ara mi. Mo ti fi owó tí mo pa nínú ẹ̀gẹ́ èṣí san ti ilé ìwé Morìnsọ́lá fún táàmù tó ń bọ̀. Fi pọ́ùn mẹ́rin ránṣẹ́ fún èyí tó tẹ̀ lé e, kí o sì kọ lẹ́tà tìrẹ sí bàbá rẹ̀, má ṣe fi sínú tèmi.

Mo fẹ́ fi àdúrà pa ìwé yìí dé bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti fi ẹnu yìí gbàdúrà. Àná ni mo lọ sọ fún Lazarus pé mò ń kọ̀wé sí ọ, mo ní kí ló fẹ́ kí n bá òun sọ fún ọ. Mo rò pé yóò dákẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kí n sọ fún ọ pé ọmọ tó ná irú owó yẹn nítorí ìyá rẹ̀, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó náwó sórí àìsàn. Ó ní ibikíbi tí o bá dé láyé, kí wọ́n gbà ọ́ lálejò, kí wọ́n má sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ.

Mo ti bá ọ ṣe àmín sí i níbẹ̀. Ìwọ náà ṣe tìrẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Leah.