Fílítà fún Ojú Ọ̀run

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá 2025
Ó rẹ̀ mí. Ìkómọ méjì lánàá, ìgbéyàwó kan ní Sátidé. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run rántí mi lónìí. Alhaja kan wá sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní Takie — Alhaja Gbàlejò ni mo sọ ọ́, ilé àlejò ló fẹ́ ṣí ní Ọ̀yọ́. Fọ́tò ńláńlá mẹ́jọ ló fẹ́ fi sára ògiri: òkè, oko, ọ̀nà. Kò fẹ́ èèyàn kankan nínú ẹ̀. Alhamdulillah! Bí èyí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé méjì mìíràn ń bọ̀, mo bọ́ lọ́wọ́ fọ́tò òde ìnáwó nìyẹn. Mi ò ní í gbé kámẹ́rà fi ẹ̀yìn rìn níwájú ìyàwó mọ́ láyé mi.

Ọjọ́rú, 12
Mo lọ dán an wò. Ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Bí òkè bá hàn, ojú ọ̀run á funfun báláú. Bí ojú ọ̀run bá hàn, òkè á ṣókùnkùn. Fílítà ni oògùn ẹ̀ — gíláàsì pẹlẹbẹ tó dúdú lókè, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ gaara.
Ó di Under G, lọ́dọ̀ Hussein tó ń ta nǹkan kámẹ́rà. Ó kó mẹ́ta jáde: èyí tó dúdú díẹ̀, ti àárín, èyí tó dúdú jù. Ó ní, "Daddy, ẹ má mú èyí tí dúdú ẹ̀ gé ṣáká o, á gé òkè lórí. Èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú." Òótọ́ ló sọ. Mo mú ti àárín. Èyí tó dúdú díẹ̀ yẹn, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun ìṣeré ọmọdé.

Jímọ̀, 14
Ojú ọ̀run ṣì ń tàn yanran. Hussein ti lù mí ní jìbìtì.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mo padà lọ bá a. Mo pariwo, mi ò ní í parọ́. Mo ní ayédèrú ló tà fún mi. Ó gbé gíláàsì náà síbi iná, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní òun ò rí àléébù kankan. Ta ló bi í? Mo ra èyí tó dúdú jù kún un. Ó fi èyí tó dúdú díẹ̀ ṣe ẹ̀ènì, bóyá kí n ṣáà lè máa lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Kùtùkùtù, mo wọ mọ́tò Ọ̀yọ́, mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá òkè, mo gùn ún. Eékún mi! Mo to fílítà méjì tó dúdú léra wọn. Háà! Ìgbà yìí ni ojú ọ̀run tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Mo ń dá rẹ́rìn-ín lórí òkè.
Mo délé. Marufat, ìyàwó mi, òun la jọ ń tẹ fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù, ó wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ẹ ò sọ fún mi pé òjò ṣú." Òjò wo? Ó ní òkè fọ́tò ti dúdú jù, òun ò rí ṣóńṣó òkè mọ́. Mo bi í pé ojú ta ló ń ya fọ́tò nínú ilé yìí. Ó ní, "Ojú yín ni, Bàbá Asiyah." Ó wọlé lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20
A ò bára wa sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń gbé oúnjẹ fún mi. Gbogbo ẹ̀ ti sú mi.

Sátidé, 22
Alhaja dá gbogbo fọ́tò náà padà. "Alhaji, ilé àlejò ni mo fẹ́ ṣí o, kì í ṣe ilé ọ̀fọ̀." Títí di Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mo ní. Bí kò bá dáa, á pe ẹlòmíràn láti Ìbàdàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú ẹ̀. Àgbà bíi tèmi. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ajé, 24
Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí. Lọ́sàn-án, mo fẹ́ sọdá ní Takie. Oòrùn bá mi lójú, gbogbo ẹ̀ funfun bíi mílíìkì — mo ń gbọ́ kẹ̀kẹ́, mi ò rí i. Fílítà wà lápò ẹ̀wù mi. Mi ò tiẹ̀ rò ó, mo yọ ọ́, mo gbé e sójú. Gbogbo ẹ̀ bá yọ: kẹ̀kẹ́, òpó iná, àwọn obìnrin lábẹ́ agboòrùn. Mo gbé e kúrò, mílíìkì. Mo gbé e padà, títì. Ọlọ́kadà kan ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Mi ò lè kúrò lójú kan.
Hussein ò lù mí ní jìbìtì. Ojú ọ̀run ò ṣe nǹkan kan. Ojú mi ni. Ẹ̀rù bà mí débi pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí níwájú ṣọ́ọ̀bù onífóònù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Mo sọ fún Marufat. Kò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó bá mi dé ọsibítù. Dókítà ní nǹkan funfun ti bo ẹyinjú mi méjèèjì, bí ooru ṣe ń bo dígí, òun ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Iṣẹ́ abẹ ni. Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n tó lè ráyè gbà mí. Ó ní ó máa ń dáa, àmọ́ òun ò ní í búra. Mo bi í pé ta ló máa ya fọ́tò Alhaja. Ó rò pé mo ń ṣeré.

Jímọ̀, 28
Alhaja gba mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó pè mí lẹ́yìn ìrun, ó ń ṣàdúrà fún ọwọ́ mi. Mo ní Ìyá Asiyah ló yà wọ́n. Ó ní kí n bá òun kí i.
Àárọ̀ àná la gun òkè. Mo gbé àpò, Marufat di èmi mú. Mo kó fílítà lé e lọ́wọ́, mo ní kó yàn. Èyí tó dúdú díẹ̀ ló mú. Mo fẹ́ jiyàn, mo kàn bá a fi í síwájú kámẹ́rà. Ó yà á, ó gbé kámẹ́rà síwájú mi, ó ní, "Ẹ wò ó." Mo wò ó. Funfun. Mo ní, "Ó dáa gan-an." Ó ní, "Kí lẹ rí níbẹ̀?"
Mi ò lè parọ́ fún un. Mo ní mi ò rí nǹkan kan.
Ó jókòó tì mí lórí àpáta. Ó ń wo fọ́tò náà, ó ń sọ ọ́ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọsánmọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lápá ọ̀tún, ṣóńṣó òkè yọ dáadáa, oko ẹ̀gẹ́ nísàlẹ̀, èéfín ń jáde ní abà kan, ọ̀nà pupa. Ó sọ ọ́ tán. Mo ní kó tún un sọ.