Bàbá Sààrì, Ẹni Tó Ń Jí Ilé Mọ́kànlá

Bàbá Yusrah, ọkọ mi, Yaqub Àlùkò, ọdún mẹ́ta pé lónìí tí a sin yín. Mo ti ní mi ò ní sunkún tí mo bá ń kọ ìwé yìí. Kí n tó rí bírò, omi ti ń bọ́ lójú mi.

Ọdún mẹ́ta! Yusrah ti parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ammar, ọmọkùnrin wa, ló wà ní ṣọ́ọ̀bù táyà yín ní Gurley Street báyìí. Aago mẹ́sàn-án ló ń ṣí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Ẹ̀yin ń ṣí i ní aago méje géérégé, débi pé àwọn onítákísí Broad Street máa ń ní tí ilẹ̀kùn Àlùkò bá ti dún, ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn.

Ẹ ò fi aláàmù jí rí. Ní gbogbo ọdún méjìlélógún tí a jọ gbé ní Camp Johnson Road, aago mẹ́rin ìdájí ni ojú yín máa ń là, ẹ ó gbé omi tíì kaná, ẹ ó wá fọwọ́ kàn mí léjìká. Tí ààwẹ̀ bá dé, ẹ ó gbé fóònù, ẹ ó pe ilé mọ́kànlá, àwọn Yorùbá bíi tiwa tó ń gbé ilẹ̀ àjèjì níbí, kí wọ́n dìde jẹ sààrì. Bàbá Sààrì ni gbogbo wọn ń pè yín, inú yín sì máa ń dùn sí i bí ẹni tó jẹ oyè.

Ààwẹ̀ tó gbẹ̀yìn yín ni nǹkan dojú rú. Ẹ ń sùn lọ́sàn-án, ẹ ń rìn káàkiri ilé lóru. Ebi ń pa yín ní àkókò tí ẹnì kankan kì í jẹun. Mo sọ pé ìrònú ọjà ló fà á. Mo ra kọ́tìnnì tó nípọn, mo fi bo fèrèsé yàrá wa pátápátá kí ẹ lè rí oorun sùn. Mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ní aago méjì ọ̀sán, ẹ dìde nínú òkùnkùn yàrá yẹn, ẹ pe ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá pé kí wọ́n tètè jẹ sààrì, ilẹ̀ fẹ́ mọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rín in dé mọ́sáláṣí. Ojú tì mí. Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ yín níwájú àwọn ọmọ, mo ní ẹ ti fẹ́ ya wèrè, ẹ ti sọ wá di ẹni ẹ̀sín, mo sì ti fóònù náà mọ́ inú àpótí aṣọ mi. Ẹ ò bá mi jà. Ẹ kàn ń wo ọwọ́ yín.

Ìgbà tí a dé ilé ìwòsàn ni Dókítà Dorothy tó là mí lójú. Ó ní kókó kan ló ń hù ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ yín, níbi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ó ní nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ láti ojú, tó ń sọ fún gbogbo ara pé ilẹ̀ ti mọ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà ló ń jẹ́ kí ibòmíràn nínú ọpọlọ tú ohun tó ń mú oorun wá sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ní aago tirẹ̀, ikùn ní tirẹ̀, ọkàn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n hóró ìrẹsì yẹn ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, bí àwa ṣe ń tẹ̀ lé ìmáàmù lórí ìrun. Tí ìmáàmù bá dákú, oníkálukú á máa dá tirẹ̀ kí. Ó wá bi mí bóyá ẹ ń rí oòrùn àárọ̀, torí ó máa ń ran aago ara lọ́wọ́ díẹ̀. Mo rántí kọ́tìnnì mi.

Mo fa kọ́tìnnì yẹn ya lọ́jọ́ náà, mo sì ń gbé àga yín síta láràárọ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré la jọ jókòó síbẹ̀. Kókó náà ti tóbi kọjá ohun tí wọ́n lè gé. Ẹ béèrè fóònù yín lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kí ẹ sinmi ná. Èyí ló ń dùn mí jù.

A ti parí ilé tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́ ní Paynesville. Fèrèsé yàrá yín kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kọ́tìnnì sí i. Oòrùn ń wọlé láràárọ̀, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tó yẹ kó jẹ́ tiyín ló ń bọ́ sí.

Aago mẹ́rin ni ojú èmi náà ń là. Mi ò ní aláàmù. Màá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, màá máa retí ọwọ́ yín léjìká mi. Ọdún mẹ́ta, ara mi ò tíì gbọ́ pé ẹ ti lọ.

Ní ààwẹ̀ ọdún yìí, mo ṣí àpótí, mo fi ṣájà sí fóònù yín. Ammar ti ń ra káàdì sí i láìsọ fún mi, kí nọ́ńbà náà má baà kú. Ní aago mẹ́rin ọjọ́ kìíní, mo pe ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Kò sẹ́ni tó ti pa nọ́ńbà yín rẹ́. Ìyá Nurat, ẹni tó rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ Àlàmísì yẹn, rí orúkọ Bàbá Sààrì lójú fóònù rẹ̀, ẹkún ló bú sí. Mo dúró tì í títí ó fi dákẹ́. Mo wá sọ fún un pé kó dìde jẹun, ilẹ̀ fẹ́ mọ́.

Mo ti dá fóònù yín padà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, níbi tí ọwọ́ yín á ti tó o. Ẹ dárí jì mí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ yín re níbi tí ẹ wà. Mo fẹ́ràn yín, àárò yín sì ń sọ mí. Ní aago mẹ́rin ọ̀la, ojú mi á tún là.

Kamorat yín.