Àgùntàn Mẹ́ta Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Òkúdu 2019

Ìwọ̀n iyọ̀ ni mo ra ìwé yìí fún. Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo wá ń kọ sí i. Kò burú. Iyọ̀ kò ní bínú.

Lẹ́tà dé láti Ṣikágò. Ojú ewé mọ́kànlá. Penko ló fi ránṣẹ́, ọmọ abúlé wa tó ti ń ta oúnjẹ ilé fún àwọn èèyàn wa lọ́hùn-ún láti ogún ọdún. Ó fẹ́ àgbá méjìlá wàràkàṣì àgùntàn. Méjìlá! Ilé wàrà wa kò tíì ta ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹ̀gbọ́n Stamen, alága wa (Kábíyèsí ni mo ń pè é nínú ọkàn mi), dìde dúró kó tó kà á. Àṣẹ inú lẹ́tà nìyí: wàràkàṣì tí a fi wàrà tí a kò sè ṣe gbọ́dọ̀ pé ọgọ́ta ọjọ́ kó tó wọ Amẹ́ríkà. Ti àgùntàn nìkan, kí ohunkóhun má dà pọ̀ mọ́ ọn. Gbogbo àgùntàn tí wàrà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ó ní àmì létí, kí dókítà ẹran ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí a kọ nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó ń tọ́jú ìwé wàrà fọwọ́ sí i.

Ẹni tó ń tọ́jú ìwé wàrà — èmi ni.

"Zlatina, ìwọ lo kàwé jù nínú wa," ni Kábíyèsí wí. Ìwé wo? Girama ni mo kà, bí mo sì ṣe jáde níbẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20 Òkúdu

Mo fọwọ́ sí i. Ilé mẹ́tàlá, àgùntàn irinwó ó lé méjìlá. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi kọ nọ́ńbà, ìka mi wú.

Ọkọ̀ ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀. Wàràkàṣì ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún Jọ́ọ̀jì Mímọ́ nìkan ni yóò ti pé ọgọ́ta ọjọ́ nígbà náà. Bí ẹrù yìí bá lọ, ilé wàrà yóò ṣí lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá lọ, Kábíyèsí ní kí a ti ilẹ̀kùn, kí kálukú wá ibi tí yóò ta ẹran rẹ̀ sí. Ọgbọ̀n àgùntàn ni tèmi. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù kiri Jámánì kí a má baà tà wọ́n.

Ẹtì, 21 Òkúdu

Garawa náà. Ọlọ́run mi, garawa náà.

Àìkú, 23 Òkúdu

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Irọ́ kejì nìyẹn lọ́sẹ̀ yìí.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọjọ́ kẹfà oṣù Èbìbí, àjọ̀dún Jọ́ọ̀jì Mímọ́. Wàrà àkọ́fún. Ilé kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ wá, òdòdó lára ọwọ́ garawa, gbogbo rẹ̀ sì wọ inú ìkòkò ńlá kan ṣoṣo. Wọn kì í dá garawa ẹnikẹ́ni padà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá dá a padà, wàrà ilé tirẹ̀ ni yóò gbẹ. Ìyá Àgbà Velika ló dé kẹ́yìn, láti ilé rẹ̀ tó dá wà lókè, lẹ́yìn igbó. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó fi ewé bo garawa rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Yàgò díẹ̀, ọmọ mi, kí n da tèmi sí i."

Mo yàgò. Èmi gan-an ni mo di asẹ́ mú fún un.

Lítà méjì. N kò kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí àgùntàn mẹ́ta tó ní kò ní àmì létí. Gbogbo wa la mọ̀. Lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn ni àwọn oníṣègùn ẹran dé nítorí àrùn tí ń mú abo àgùntàn ṣẹ́yún, tó sì ń fún èèyàn ní ibà tí kì í kúrò nínú oríkèé. Mẹ́sàn-án ni tirẹ̀ nígbà náà. Wọ́n pa gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun yòówù kó ní, ó ń fi pa mọ́, àwa náà ń wo ibòmíràn.

Òun ló kọ́ mi. Mo dé abúlé yìí bí ìyàwó, n kò mọ wàrà dídì yàtọ̀ sí wàrà bíbàjẹ́. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó tì í bọ inú omi wàrà lílọ́wọ́ọ́rọ́. "Má fojú wá a. Ọwọ́ ni kó sọ fún ọ."

Kí ni ọwọ́ mi wá ń sọ báyìí? Ọwọ́ yìí kan náà ni mo fi buwọ́ lu ìwé.

Ìṣẹ́gun, 25 Òkúdu

Mo sọ fún Kábíyèsí. Ó gbé ife ọtí rakíyà rẹ̀ kalẹ̀ láìmu, nǹkan tí n kò rí rí.

"Lítà méjì nínú irinwó! O fẹ́ máa ṣa omi òjò kúrò nínú odò?"

Mo ní kí a yọ àgbá mẹ́ta ọjọ́ náà sílẹ̀, ti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni kí a fi ránṣẹ́.

"Méjìlá ni Penko kọ. Ṣé mẹ́sàn-án lo fẹ́ gbé fún un, kó wá máa rò pé a jẹ mẹ́ta? Zlatina, bí wọ́n bá gbé ọ dé ọ̀run, wàá béèrè ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí o bá sọ fún dókítà, ta ni yóò kọ́kọ́ lọ bá? Ìyá Velika. Ìwọ ni wàá di okùn mú nígbà tí wọ́n bá ń kó wọn lọ?"

 Ó mu rakíyà náà.

Ọjọ́rú, 26 Òkúdu

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ nínú àgbá kìíní ti ọjọ́ àjọ̀dún náà. Ègé kan láàárọ̀, ègé kan nírọ̀lẹ́. Bí àrùn bá wà nínú rẹ̀, kó kọ́kọ́ mú mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dùn, ìyẹn ló burú jù. Ó dùn ju ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lọ.

Àbámẹ́ta, 29 Òkúdu

Mo gòkè lọ bá Ìyá Velika. Láti etí igbó ni mo ti ń gbọ́ agogo ọrùn ẹran rẹ̀ — ìró kan náà, ibì kan náà. Ó jọ pé àwọn àgùntàn rẹ̀ kì í rìn jìnnà mọ́. Àgbà ti dé sí àwọn náà.

Mo fẹ́ wo inú ọgbà ẹran. Ó fi ara rẹ̀ dínà. "Wọ́n ń sinmi. Wọlé, jẹ búrẹ́dì."

Ó sọ̀rọ̀ Ognyan, ọmọ rẹ̀ tó wà nílùú Plovdiv. Ó ti ní ọjọ́ tí àgùntàn bá tán lọ́rùn ìyá òun ni òun yóò wá gbé e lọ sí ilé òun ní àjà kẹrin. "Àjà kẹrin! Kí ni kí n máa wò níbẹ̀, àtàrí àwọn èèyàn?" Ó rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn tí mo gbé wá, mo jẹ búrẹ́dì lé e lórí.

Nígbà tí mo ń lọ, ó ní, "Ojú rẹ ti wọnú. Oúnjẹ wo lò ń jẹ?"

Wàràkàṣì, Ìyá. Wàràkàṣì ni.

Ajé, 1 Agẹmọ

Orí ń fọ́ mi, oríkèé ń ro mí. Mo fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà sábẹ́ apá nígbà mẹ́rin. Kò sí ibà. Ẹ̀rí ọkàn kì í gbóná lára.

Ìṣẹ́gun, 2 Agẹmọ

Dókítà Yotova, oníṣègùn ẹran, pè. Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Bírò Pupa ni mo ń pè é, kò sí ìwé tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í fi pupa fà. Mo gbàdúrà kó rí àṣìṣe náà fúnra rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ rí ohun tí n kò kọ?

Ọjọ́bọ̀, 4 Agẹmọ

Kí n kọ ọ́ kí ọwọ́ mi tó kọ̀.

Bírò Pupa dé. Ó yẹ ìwé wò láti òkè délẹ̀. Kò fa ìlà kan. Ó ní, "Arábìnrin Zlatina, ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìwé tó mọ́ báyìí." Gbólóhùn yìí ló pa mí. Bó bá ti bú mi ni, bóyá ǹ bá pa ẹnu mọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ilé kẹrìnlá, garawa, asẹ́. Kábíyèsí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó di orí mú.

Dókítà dé bírò rẹ̀. "Ẹ wọ bàtà yín. Ẹ mú mi lọ." Ó gbé àpótí abẹ́rẹ́. Mo ṣíwájú. Kábíyèsí tẹ̀ lé wa, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n rí wa lójú ọ̀nà náà dara pọ̀. Ó yẹ kí n ti lé wọn padà. N kò ronú kàn án.

A ń gbọ́ agogo. Ibì kan náà.

Ọgbà ẹran ṣófo. Ìgbẹ́ ẹran tó wà nílẹ̀ ti gbẹ, ó ti funfun. Agogo mẹ́ta ni wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi ápù, atẹ́gùn ń mì wọ́n.

Ìyá Velika jáde pẹ̀lú ìbòrí tó ń lò nílé. Ó wo àpótí, ó wo àwọn èrò. Ó ní ìkookò ti kó méjì lọ nínú yìnyín oṣù Èrèlé, ìkẹta kò jẹun mọ́ lẹ́yìn wọn, ó kú.

"Wàrà wo wá ni ẹ dà, Ìyá?" Dókítà fẹ̀sọ̀ béèrè.

"Ti ṣọ́ọ̀bù. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú, mo ra páálí méjì. Ti màlúù ni." Ó tún ìbòrí rẹ̀ so. "Ṣé kí n gbé garawa òfìfo wá bá Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ni? Odidi èmi?"

Kò wo dókítà nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi ló ń wò.

Ìyàwó Kábíyèsí ní, "Yéè, ta ni yóò wá sọ fún Ognyan?" Ó ti mú fóònù jáde.

Ẹtì, 5 Agẹmọ

Kò sí àrùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bẹ̀rù ẹran tí kò sí. Ṣùgbọ́n wàrà màlúù ti wọ àgbá mẹ́ta, ti àgùntàn nìkan ni ìwé wí. Bírò Pupa fi pupa fa ìlà lé wọn.

Kábíyèsí gbé fóònù fún mi. "Ìwọ tí o gbọ́n, sọ fún un." Mo sọ fún Penko.

"Àgbá mẹ́ta péré? Ti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ńkọ́, ìgbà wo ló ń pé?"

"Ọjọ́ kẹwàá."

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró di ọjọ́ kọkànlá nígbà náà. Mo ti retí wàràkàṣì yín fún ogún ọdún, ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò wá pa mí?"

Ọjọ́ mẹ́ta. Ìpè kan. Kò sí ẹni tó ní kí n má pè é. Mo kàn ń jẹ wàràkàṣì, mo ń wọn ibà.

Àìkú, 7 Agẹmọ

Ognyan ń bọ̀ ní Àìkú tó ń bọ̀. Ilẹ̀kùn Ìyá Velika wà ní títì. Mo kànkùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé.

Ọjọ́bọ̀, 11 Agẹmọ

Ọkọ̀ ti lọ. Àgbá méjìlá. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ bánítsà, àkàrà oníwàràkàṣì. Kábíyèsí fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́: "Olódodo wa!" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá sàn ká ní ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fún ajá ní bánítsà tèmi.

Ẹtì, 12 Agẹmọ

Mo yan abo tí ó tutù jù nínú ẹran mi, èyí tó ní ojú dúdú kan. Mo fà á gòkè. Ó dúró jẹ koríko ní gbogbo kọ́nà, àárọ̀ tán kí a tó dé. Mo so ó mọ́ igi ápù. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ìyá, èmi ni." Bí ẹni pé kò mọ̀.

 Ohùn rẹ̀ wá láti inú ilé:

"Ṣé èyí ní àmì létí?"

"Ó ní, Ìyá."

"Orúkọ ta ló wà nínú ìwé rẹ̀?"

"Tèmi ni."

 Ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo fi okùn sílẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. N kò mọ̀ bóyá mo tún dójú tì í lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀túnla ni Ognyan ń bọ̀. Àgùntàn kan kì í ṣe mẹ́ta.

Àbámẹ́ta, 13 Agẹmọ

Mo gbọ́ agogo Ìyá Velika láàárọ̀ yìí. Mo dúró, garawa lọ́wọ́, mo tẹ́tí. Nísàlẹ̀ igbó. Lẹ́yìn náà lẹ́bàá odò. Lẹ́yìn náà lókè.

Ó ń rìn.