Ohun Tí Ọmọ Rẹ Fi Ọwọ́ Ọ̀tún Fún Àlejò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá arúgbó tí ó gbà yín sílé ní ìlú tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ara bàbá rẹ ti mókun. Orúnkún mi nìkan ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

Ọmọ rẹ tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ti pé ọdún méjì, ẹ̀gbin rẹ̀ sì ti sú mi. Ó ń bu omi mu nínú bàtà mi, ó sì ń fi aṣọ fèrèsé nu ikun imú. Mo ti kọ́ ọmọ náà pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fún àgbà ní nǹkan, lórí ìkúnlẹ̀. Lánàá, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tí mo ti ṣe tíṣà wá kí wa. Ọmọ náà dìde lórí póò, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbé nǹkan lé ọ̀gá lọ́wọ́.

"Ẹ gbà, sà."

"O ṣé, ọmọ dáadáa. Amọ̀ ni?"

Mo figbe ta: "Ìgbẹ́ ni, sà!"

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Tíṣà, ṣebí ẹ̀kọ́ rẹ ló gbà yẹn?" Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí rẹ̀ gbé kálàmù. Láàárọ̀ yìí ni mo fi àwòrán rẹ hàn án. Ó ní, "Àǹtí." Mo ní, "Mọ́mì rẹ nìyẹn." Ó na ìka sí mi: "Mọ́mì nìyí." Èyí dùn mí lọ́kàn ju ti ìgbẹ́ lọ.

Jọ̀wọ́, tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́. Má fi ohun ìṣeré ránṣẹ́ mọ́. Ìwọ gan-an ni kí o wá. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ délé.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyá àgbà ọmọ rẹ.