Táyà Mẹ́rin fún Ọkọ̀ Aláìlórùlé

Ọmọbìnrin mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Mo ní ìrètí pé ara rẹ le, pé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú lóṣù tó kọjá ti fi ọ́ sílẹ̀, àti pé ò ń jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Ara tèmi le. Ara bàbá rẹ náà le, àfi ojú rẹ̀, tí n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n ṣe ìṣirò owó tí o fi ránṣẹ́ fún òrùlé ilé ìdáná:

Owó tí o fi ránṣẹ́: 600
Táyà mẹ́rin àkọ́kọ́, 90 lọ́nà mẹ́rin: 360
Owó tí wọ́n fi dè wọ́n: 20
Táyà mẹ́rin ìkejì, 140 lọ́nà mẹ́rin: 560
Owó tí wọ́n fi dè wọ́n: 20
Owó tí mo gbà padà lórí táyà àkọ́kọ́, 60 lọ́nà mẹ́rin: 240
Ohun tó kù lọ́wọ́ mi: òdo
Gbèsè: 120

O ti rí i pé kò sí òrùlé níbẹ̀. Owó òrùlé ni mo fi ra táyà fún ọkọ̀ tí kò ní òrùlé. Rẹ́rìn-ín tán ná kí o tó bínú, kí o sì ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀.

Dókítà ojú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó yẹ bàbá rẹ wò, ó ní kó máa wakọ̀ lójú ọ̀sán nìkan títí ọdún yìí yóò fi parí, lẹ́yìn náà kó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láìgbá ẹnikẹ́ni! Nígbà tí a délé, ó ní, "Kí n ṣáà máa fi Fẹ́lẹ́ gbé ọ jáde ní gbogbo Sátidé tó kù. Ìyẹn tó mi." O rántí pé Fẹ́lẹ́ ni orúkọ tó sọ ọkọ̀ eré sísá kékeré yẹn nítorí bó ṣe fúyẹ́. Èmi àti ìwọ la jọ tì í wọlé lọ́jọ́ tó rà á ní àlòkù.

Táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Eyín wọn ṣì jìn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wọn ti sán káàkiri, rọ́bà wọn sì ti gan. Mo mú ìwé àti bírò, mo wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ní ẹ̀kẹta, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà bi mí pé, "Màmá, irú ọkọ̀ wo ni?" Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá dárúkọ ọkọ̀ eré, owó yóò gòkè. Mo ní nọ́ńbà táyà ni kó tà fún mi, ọkọ̀ kò kàn án.

Ó gbé oríṣi méjì síwájú mi. Ọ̀kan le, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni, 90, a sì lè fi rin kìlómítà 60,000. Èkejì rọ̀, 140, kò sì lè ju 15,000 lọ. Mo pín in lójú ẹsẹ̀. Fún táyà mẹ́rin, lórí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ti àkọ́kọ́ kò tó 1, ti ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4. Kí ni mo tún fẹ́ rò? Nígbà tí mo gbé e délé, bàbá rẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Táyà tó le ni táyà." Lójú awakọ̀ bọ́ọ̀sì, òótọ́ ni.

Ní Sátidé kejì, òjò ń rọ̀ winniwinni, a wọ aṣọ òjò. A dé kọ́nà ilé ìwòsàn, a kò sáré rárá, ni Fẹ́lẹ́ bá yọ̀. Ó yí po, iwájú di ẹ̀yìn. Ọlọ́run ṣe é, a kò gbá nǹkan kan. Bàbá rẹ pa ẹ́ńjìnnì, ó bi mí bóyá mo fara pa. Mo ní rárá. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì ká ìka mi lé e lórí. Ó ní, "Ojú mi ni. Gbà á, kí n má baà pa ọ́." Káfíńtà àdúgbò wa ló bá wa wà á délé. Fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, bàbá rẹ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé tí a ti ń rí ọkọ̀ náà.

Mo bá padà sí ṣọ́ọ̀bù, pé kí onítáyà ra táyà rẹ̀ padà, níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò ní wakọ̀ mọ́. Ìgbà yìí ni mo tó sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, pé gbogbo ara rẹ̀ kò ju 700 kílò lọ. Obìnrin náà pariwo: "Kílò mélòó? Háà, Màmá! Ẹ wọ bàtà sójà fún ọmọ ìkókó, ẹ wá ní kó jó!" Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹrù ló ń tẹ táyà líle mọ́lẹ̀ kó tó lè di ilẹ̀ mú. Ọkọ̀ fífúyẹ́ kò lágbára láti tẹ̀ ẹ́, orí omi ló kàn ń fò kiri. Táyà rírọ̀ ló yẹ ẹ́. Ó wá wò mí, ó ní, "Kì í ṣe ojú Bàbá. Èmi tí ojú mi mọ́ yìí, màá yọ̀ níbẹ̀ dáadáa."

Ọmọ mi, mo jókòó sórí táyà kan níbẹ̀. 50 ni mo rò pé mo jèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 200 lápapọ̀. 200 yẹn ni mo fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi.

Mo tún ìṣirò náà ṣe, mo fi ohun tí mo gbàgbé kún un. Kìlómítà 20 là ń rìn ní Sátidé kan. Sátidé 26 ló kù kí ọdún parí. 520 nìyẹn. Kí la fẹ́ fi 60,000 ṣe? Bí a bá tilẹ̀ ń jáde ní gbogbo Sátidé ọdún, kí a tó rìn ín tán, yóò gba ju ọdún 57 lọ, bàbá rẹ yóò sì ti pé 125. Mo ní kí káfíńtà wa Fẹ́lẹ́ wá, kí obìnrin náà sì bá mi de táyà rírọ̀ sí i.

Nígbà tí mo délé, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ. Mo ní, "Ojú yín kọ́. Ìṣirò mi ni." Ó ní, "Ìwọ, tí o kì í ṣi ìṣirò ṣe?" Mo ní mo ṣì í. Ó ní, "Tún un sọ kí n gbọ́ dáadáa." Mo tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Òjò tún rọ̀ ní Sátidé àná. Ní kọ́nà ilé ìwòsàn, mo di ilẹ̀kùn mú. Fẹ́lẹ́ kọjá bí ẹni ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá rẹ fọwọ́ kan ọwọ́ mi, mo sì ní kó tètè gbé ọwọ́ náà padà sórí sítíárì.

Ní ti òrùlé, fọkàn balẹ̀. Ilé ìwé kan gbé kọ́tìnnì 24 fún mi láti rán, 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 600 nìyẹn, káfíńtà yóò sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá san án tán. Báyìí, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló ń gba omi òjò. Mo ti kà á, wọn kì í kún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní òru.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ ní jíjáde àti wíwọlé rẹ. Kí ọwọ́ rẹ má ṣófo, kí ojú rẹ mọ́lẹ̀ dọ́jọ́ alẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní o ṣì jẹ Fẹ́lẹ́ ní ìbẹ̀wò kan.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Aránkọ́tìnnì.

Mo gbàgbé: Mo mọ̀ ọ́. Bí o bá ti ka èyí tán, o ó fẹ́ fi 120 ránṣẹ́ sí onítáyà. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé ti san 150 sílẹ̀, mo lè parí rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n mo bẹ obìnrin náà kó jẹ́ kí n máa mú 20 wá fún un lóṣooṣù, ní ọwọ́ mi, títí ọdún yóò fi parí. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé èrò kò mọ bí a ti ń gbafẹ́ kiri. Ó fẹ́ kí ẹnìkan ní ibi pàtó tó ń lọ. Mo sọ fún bàbá rẹ pé onígbèsè ni mí, pé ṣọ́ọ̀bù jìn, pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ó ti ń nu dígí ọkọ̀ báyìí. N kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó rí láyé mi, ṣùgbọ́n èyí, n kò kánjú.

20 lọ́nà mẹ́fà. Gbèsè tó kù: 120.