Igi Kan Tí Wọn Ò Kùn Lọ́dà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Ó rẹ̀ mí. Ilé mọ́kànlá lèmi àti Tíṣà wọ̀ lónìí, pé kí wọ́n bá wa fọwọ́ síwèé, kí káńsù má gé igi àdúgbò torí títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀. Màmá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ẹnu ò tíì fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé wọ́n rán ẹnu ẹ pọ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó oṣù méjì, kí ni mo fẹ́ wí?

Ọjọ́rú, 5
Ẹsẹ̀ wú.

Ọjọ́bọ̀, 6
Káńsù ti ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sáwọn igi tí wọ́n máa gé. Ta ni káńsù rán? Agùntáṣọọ́lò mi. Ọkọ mi! Ó ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Tíṣà. Ó ní, "Ọ̀gá ẹ̀ là ń bá jà, kì í ṣòun."

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Igi mẹ́rìndínlógún ló kùn. Ó fo ọ̀kan – tiwa, tó ṣíji bo fèrèsé. Ó ní torí tèmi ni. Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo kí Aránṣọ níbi tó gbé máṣíìnì sí lábẹ́ igi òdìkejì tí wọ́n ti kùn. Kò jẹ́ mi. Ó wá sọ fẹ́ni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí n lè gbọ́: "Ikú ilé nìyí o. Ẹ wo igi ìyàwó káńsù, ara ẹ̀ mọ́ tónítóní."
Ilé mẹ́fà ti ní ká yọ orúkọ àwọn. Tíṣà ò bú mi. Ó kàn jókòó, ó bọ́ bàtà. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo ní kí ọkọ mi lọ kun tiwa. "Ṣé orí ẹ pé? Igi tí mo fi iṣẹ́ mi wewu?" Mo ní mi ò lè jókòó sábẹ́ ẹ̀ mọ́. Ìjà wa àkọ́kọ́. Kò jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ó jí lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé agolo ọ̀dà sẹ́nu ọ̀nà.
Mo kun igi wa fúnra mi. Ọ̀sán gangan, gbogbo àdúgbò ń wò. Ojú ń tì mí bí ẹni jalè. Bí wọ́n bá gé tiwọn, wọ́n á gé tiwa náà.
Aránṣọ sọdá wá. Ó wò ó títí. Ó ní mi ò mọ ọ̀dà kùn. Ó wá béèrè pé aago mélòó la máa gbéwèé lọ sí káńsù lọ́la, kóun lè tètè gbé máṣíìnì wọlé.